Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Akọrin Ilẹ̀ Òkun: Ẹ Yé Yin Ọmọ Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin ní Kàbà àti Búnú, ní Ìjùmú, ní Yàgbà méjèèjì, ní Mọ̀pà, títí dé Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́bàá Lọ́kọ́jà,

Òkun o. Mo mọ̀ pé mo kọ́ àwọn kan nínú yín ní Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdírì, àwọn kan sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ̀gbọ́n má bínú, kí àbúrò má sì sọ pé tísà ti tún dé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, ọmọ aládùúgbò mi kan wá pọn omi nílé mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu láti kí mi ní "Òkun, Mà", afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ọ̀rọ̀ tí àwa fi ń dá ara wa mọ̀ ní ọjà Lọ́kọ́jà àti ní Àbújá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ wá lórúkọ, kò lè pè é. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i fún mi: ìṣọ́ òru ní Fráìdé, ìdánrawò ní Sátidé, ìsìn méjì ní Sọ́ńdè, òun ló sì lé orin níbi gbogbo rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀gá àwọn dúró níwájú ìjọ, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà, pé ó ti fi ohùn rẹ̀ rúbọ.

Pàtẹ́wọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ìdí ni pé wọ́n pa irú rẹ̀ fún èmi náà rí. Ní 1991, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ń kọ sòpránò, ohùn obìnrin tó ga jù. Ìsọjí ọlọ́sẹ̀ kan ni, kò sí máíkì tó dára, ẹ̀rọ iná ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹta ohùn mi ti há. Ẹni tó ń darí wa nígbà náà ní kí n fi agbára sí i, pé ibi tí agbára èèyàn bá pin sí ni ti Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ orógbó, mo mu ẹyin tútù, mo fi súìtì mẹ́ńtọ́ọ̀ sẹ́nu, mo tún kọrin. Ìgbà tí Kérésì fi dé, ohùn mi ti dà bí agbè tó sán. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, dókítà kan fi dígí kékeré wo ọ̀fun mi, ó ní kókó méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn. Ó ní kí n má kọrin mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí n sì tún ọ̀rọ̀ sísọ kọ́. Ohùn mi padà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Apá òkè kan wà tó lọ tí kò bọ̀ mọ́, láti ọjọ́ náà ni mo ti di áltò, ohùn obìnrin tó relẹ̀. (Ẹ̀yin áltò, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé gbogbo yín kọ́ lẹ jẹ́ sòpránò tó fọ́.)

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra orin tó lágbára. Ìyá ìyá mi ní Búnú kò mọ máíkì rí títí ó fi kú. Bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà, tí wọ́n gbé aṣọ ìpò pupa jáde, òun ni yóò lé orin, ẹni tó wà lẹ́yìn odò á sì gbè é. Ohùn rẹ̀ máa ń han gooro. Lọ́jọ́ kejì, ẹ óò tún bá a nídìí ẹ̀fọ́ tó ń pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orúkọ mẹ́ta mẹ́ta. Híhan yẹn ni àwọn ọmọ tó ń wo fídíò lórí fóònù ń pè ní belting. Ohùn tí a fi ń pe ará oko láti ẹ̀yìn ebè kejì ni, tí a wá fi orin sí lẹ́nu. Ó ṣe é kọ́, ó sì ṣe é ṣe fún ọdún púpọ̀ láìfi ara pa. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ ń ní kí àwọn ọmọ ṣe é, ẹ kò sì kọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Yorùbá ní WAEC á rántí àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ tí a máa ń yà sójú pátákó: ẹ̀dọ̀fóró, kòmóòkun, gògóńgò, tán-án-ná nínú gògóńgò. Ẹ kọ ọ́ fún máàkì, ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Tán-án-ná yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Iṣan méjì ni, awọ tó fẹ́lẹ́ bò wọ́n. Ti obìnrin gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 12 sí 17, ti ọkùnrin tó 17 sí 25. Ẹ fi rúlà wò ó, ti obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju èékánná lọ. Bí ẹ bá ní kí ọmọbìnrin mú nóòtì A tó wà lókè C àárín kíbọ́ọ̀dù, tán-án-ná rẹ̀ yóò pàdé, yóò sì tún yà ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 26,400. Ẹ wá ro ti orin ìyìn ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú tí kì í sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbára wọn lulẹ̀ lulẹ̀ báyẹn, ojú ibi tí wọ́n ti ń pàdé yóò wú. Bí a kò bá jẹ́ kó sinmi, yóò nípọn bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe máa ń nípọn níbi tí ọkọ́ ti ń ha á. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Nígbà mìíràn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ló máa ń bẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Adele, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, fagi lé ìrìn-àjò orin rẹ̀ ní 2011, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó lówó dókítà nìyẹn o.

Báwo wá ni ìyá mi àgbà ṣe ń ṣe é? Ẹ lọ wo onígángan. Bó bá fẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀ lókè, ọsán ló máa ń fún mọ́ abẹ́ apá, kì í fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ líle sí i. Ẹni tó bá ń lu awọ kíkankíkan pé kí ohùn ìlù lè gòkè yóò bẹ́ ẹ ni. Iṣan kan wà nínú tán-án-ná fúnra rẹ̀ tó ń mú un kúrú, tó ń mú un ki. Òun la fi ń sọ̀rọ̀, òun ló sì ń fún híhan ní agbára. Òmíràn wà níta tó ń fà á gùn, tó ń mú un fẹ́lẹ́. Ọsán gángan nìyẹn. Bí orin ṣe ń gòkè, ti ìta yìí gbọ́dọ̀ máa gba iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ti inú sì máa dẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò bá jẹ́ kó dẹ, tó ń wọ́ gbogbo ìwúwo ohùn ìsàlẹ̀ gòkè, ẹ óò rí i: àgbọ̀n rẹ̀ yóò yọ síwájú, iṣan ọrùn á le gbagidi, ojú á pọ́n, nígbà tó bá dé òkè, ohùn á já. Ẹ̀yin á ní ẹ̀mí gbé e.

Jo Estill, olórin ará Amẹ́ríkà tó di olùwádìí ohùn, gbé ìwádìí jáde ní 1988 tó fi híhan wé ohùn orin ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní classical. Ó fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ara ń ṣe nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ yín ní orin ìwé kọ́ ọmọ tó fẹ́ han. Bí ẹ bá ní kó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ yán, kó fi gògóńgò sísàlẹ̀, kó wá fi agbára lé e, ẹ ti dì í lọ́wọ́, ẹ ti dì í lẹ́sẹ̀. Nínú híhan, gògóńgò máa ń fẹ́ gòkè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gòkè.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣì wá lọ́nà jù. "Ẹ mí kanlẹ̀! Ẹ tì í jáde!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó pọ̀. Nínú híhan, tán-án-ná máa ń pẹ́ ní pípàdé ju bó ṣe ń ṣe nínú orin jẹ́jẹ́ lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fa afẹ́fẹ́ kún inú títí ejìká fi gòkè, kò ní ibi tí yóò tú u sí. Yóò wá máa fi tì tán-án-ná lẹ́yìn bí ẹran tó ń ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ìwọ̀n èémí tí a fi ń kígbe pe ọmọ ló tó. Kí egungun ìhà ṣí, kó má wó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ikùn sì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ọmọ bá parí ìlà orin tó ga, tó sì wá ń tú èémí rẹpẹtẹ jáde, ó ti gbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kíì, ìyẹn bí orin ṣe ga tó, wá kù, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin orí kíbọ́ọ̀dù sún mọ́ ibí. Bọ́tìnnì kan wà lórí kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé kíì sókè láìṣe wàhálà fún ìka yín. Ẹ óò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìjọ á hó. Ẹ óò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ìyá á mú áńkáṣífù jáde. Ẹ óò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìka yín kò mọ ìyàtọ̀, ọ̀fun ọmọ tó ń lé orin mọ̀ ọ́n. Orin tí ẹ gbọ́ lẹ́nu olórin ńlá kan ní Èkó, kíì tó bá ohùn tirẹ̀ mu ló fi kọ ọ́, ìlà kan lè gbà á ní ìgbà mẹ́wàá ní sítúdíò, kó mu omi, kó jókòó. Ẹ̀yin fẹ́ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹun àárọ̀. Ẹ fà á sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìjọ kò ní mọ̀. Mo ti ṣe é rí, àwọn bàbá iwájú ní orin ọjọ́ náà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní rí nínú fídíò àwọn olùkọ́ òkèèrè, nítorí pé èdè tiwa ló kàn. Nínú fáwẹ̀lì àìránmúpè méje tí a ní, a, ẹ àti ọ ni ẹnu ti ń là jù. I àti u ni ẹnu ti ń há jù. Híhan fẹ́ ẹnu tó là, torí ẹnu ni súpíkà tán-án-ná. Ẹ wá wo ibi tí a ti fẹ́ràn láti dúró lórí ohùn òkè: "Jésù". Orí u! Kí ọmọ máa fa u lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ọ̀fun á pa dé mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró níbẹ̀ dandan, ẹ ní kó la àgbọ̀n, kó pe u bí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ o, kó pe i bí ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ e. Láti ẹ̀yìn ilé, "Jésù" náà ni etí máa gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣẹ̀dá orin fúnra yín, ẹ fi "Ọba" sórí òkè, kí "Jésù" wà nísàlẹ̀ tó ti tù ú lára.

Òmíràn: fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Olúwa, Ọlọ́run, Àgbà, Ìyìn, Ọpẹ́, Ògo. Ẹni tó bá ń han máa ń fi tán-án-ná gba fáwẹ̀lì yẹn, gbà!, bí ẹni tó pa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn olè. Ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orin ìyìn kan. Níbi ìdánrawò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èémí h kékeré ṣáájú, "hOlúwa", títí ọ̀fun á fi mọ bí a ṣe ń wọlé láìgbá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ h kúrò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Ariwo náà ń pa wọ́n. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ti gbé e jáde ní 1911 pé bí ariwo bá yí èèyàn ká, yóò gbé ohùn sókè láìmọ̀. Ẹ̀yin kọ súpíkà méjèèjì sí ìjọ, ẹ gbé dùrọ́ọ̀mù sẹ́yìn orí akọrin, ẹ̀rọ iná wà lẹ́yìn fèrèsé, akọrin kò gbọ́ ara rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ yí súpíkà kékeré kan padà sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Ethel Merman, olórin ará Amẹ́ríkà, ń han lórí ìtàgé ní New York ní 1930, kò sí máíkì níwájú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Máíkì wà lọ́wọ́ tiyín, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kò le. Kí olúkúlùkù mú stró tí wọ́n fi ń mu sóbò, kó tì í bọ inú ife omi, kó wọ̀ tó ìbú ìka ọwọ́ méjì, kó máa fi ohùn fẹ́ ẹ kí omi máa hó wọ́rọ́wọ́rọ́, láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó tún padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Onímọ̀ ohùn tó ń jẹ́ Ingo Titze ló ti ṣàlàyé rẹ̀ fáyé: afẹ́fẹ́ tó dá padà láti ẹnu stró máa ń gbé tán-án-ná láti òkè, wọ́n á pàdé láìgbára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n fi ara wọn ṣẹ̀sín bí ọmọdé, "nyẹ̀-nyẹ̀-nyẹ̀", ohùn mímú, ohùn wẹ́wẹ́. Ohùn mímú yẹn ló ń mú híhan dé ọ̀nà jíjìn láìsí pé ó wúwo. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pe ara wọn láti ìkángun ṣọ́ọ̀ṣì kan sí èkejì: "Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Báyọ̀!" Ohùn ọ̀rọ̀ ni o, kò tíì di orin. Nígbà tí ìpè bá ti rọrùn, ẹ fi nóòtì sí i, ẹ gòkè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹ padà sí orin jẹ́jẹ́.

Nípa orógbó, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ohun tí a bá gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ló ń bá lọ. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni tán-án-ná wà. Orógbó kò kàn án, ẹyin tútù kò kàn án, atare kò kàn án. Bí wọ́n bá kàn án, ikọ́ ni yóò gbé yín dìde. Mẹ́ńtọ́ọ̀ máa ń mú ọ̀fun tutù débi pé ẹ kò ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe ara yín léṣe. Omi mímu láti àárọ̀ ló ń ran ara lọ́wọ́, àti ooru omi gbígbóná tí a fà símú, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là. Kí ẹ sì yé jẹ iyán ní agogo mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn ìdánrawò kí ẹ tó lọ sùn. Mo mọ̀ pé mò ń bá ọmọ Òkun sọ̀rọ̀, mo sì mọ bí iyán ṣe jẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n omi kíkan láti inú ikùn máa ń gòkè wá bẹ́ẹ̀, tán-án-ná ló sì máa ń ta sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Lẹ́yìn tí ọmọ bá han tán, ẹ ní kó kọ orin tí a fi ń rẹ ọmọ, kó kọ ọ́ lókè pátápátá, kó kọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohùn bá wọlé láìpẹ́, ó dára. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ jáde kí ohùn tó dé, tàbí tó ń já lójú ibi tó ti máa ń rọrùn, tán-án-ná ti wú. Ó parí fún ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ òun nìkan ló mọ orin náà. Kó má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í sinmi ohùn. Kó dákẹ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 sọ pé bí ohùn bá há tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsàn, kí dókítà wo inú ọ̀fun. Akọrin kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ìlọrin kò jìnnà. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì wọn ní dókítà ọ̀fun. Kí àpò ìjọ sì san owó ọkọ̀ ọmọ náà, ẹ ṣáà ń rí owó pààrọ̀ aṣọ akọrin lọ́dọọdún.

Mo mọ Sáàmù tí ẹ máa kà fún mi, èyí tó ní ká hó ìhó ayọ̀. Mo kà á. Kò sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni kó hó o láti Fráìdé dé Sọ́ńdè.

Ìkórè ti sún mọ́lé, Kérésì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀: kí ẹ ní ó kéré tán ẹni mẹ́ta tí yóò máa gba orin lílé lọ́wọ́ ara wọn, kí kíì má gòkè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìyìn, kí ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń yí padà gbè, kó má lé, kí ẹ má sì pàtẹ́wọ́ mọ́ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ há. Ọmọ tí mo sọ yìí ti ń dákẹ́ fún ọjọ́ kẹfà báyìí, pátákó kékeré ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé yóò lè kọrin ní Sọ́ńdè. Èmi ni mo fún un lésì.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá bá ẹgbẹ́ òun ṣe ìdánrawò, mo máa ń ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè. N kò gba owó. Kí olúkúlùkù mú stró tirẹ̀ dání, n kò ní ra ti gbogbo ilẹ̀ Òkun.

Èmi ni,
Tísà Yorùbá kan ní Kàbà, áltò.